Apá Tí Láńre Kọ

Moyọ̀sọ́rẹ àti Láńre ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìgbẹ̀bí Alhaja Kúbúrá ń lò ní Ẹ̀pẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ kọ ibi tí wọ́n ń fi orúkọ aláboyún sí, Láńre kọ ibi tó ń wá káàdì wọn jáde. Àbúrò ìyá Láńre ni Alhaja.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 2006, Láńre sùn, kò jí mọ́. Láti ìgbà náà, Moyọ̀sọ́rẹ ń ṣiṣẹ́, ó ń kí àwọn ará àdúgbò ní Ìtamágà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tí kò fi mọ nǹkan lára mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìkìlọ̀ jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òyìnbó tó ṣe ìpìlẹ̀ tí òun àti Láńre gbé ètò náà lé ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Wọ́n ní ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, àti pé bí ọdún bá ti parí, àwọn ò ní tún ẹ̀dà àtijọ́ ṣe mọ́. Bí olè bá rí ihò nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dí i. Moyọ̀sọ́rẹ kà á, ó pa á dé. Ìgbà tí ọdún ń parí lọ ló tó wọkọ̀ gba Ìmọ́tà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

“Ìyàwó wa, ṣé dandan ni ká yí i padà?” Alhaja bi í. “Kì í yọ wá lẹ́nu.”

“Kò tíì yọ yín lẹ́nu ni, mà. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, àwọn tó ṣe é ò ní dá wa lóhùn.”

Ó da gbogbo àkọsílẹ̀ sórí síídì kó má baà sọnù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀dà tuntun gba apá tirẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò gba ti Láńre. Ẹ̀dà tuntun náà ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti wá nǹkan, èyí tó yá ju ti Láńre lọ, kí Moyọ̀sọ́rẹ yọ ti Láńre kúrò nìkan ló kù. Láàárín apá tí Láńre kọ yìí, ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: “Má fọwọ́ kan ibí yìí, ojú mi rí màbo kó tó ṣiṣẹ́.” Moyọ̀sọ́rẹ rántí pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ ọ́. Kò gbọ́ ohùn ẹ̀rín náà nínú ara rẹ̀. Ó yọ gbogbo rẹ̀. Ó dúró kí ẹkún dé. Ẹkún ò dé.

Ó ní kí Alhaja dán an wò. Alhaja tẹ orúkọ obìnrin kan, kó tó gbọ́wọ́ kúrò, káàdì ti yọ.

Alhaja tẹjú mọ́ káàdì náà. “Tẹ́lẹ̀, bí kọ̀ǹpútà bá ń wá a lọ́wọ́, mo máa ń bi obìnrin náà bóyá ó ń sùn, bóyá ọkọ ń tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an.”

“Ẹ ṣì lè máa bi wọ́n, mà.”

“Màá máa bi wọ́n.” Alhaja yíjú sí i. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ò ń sùn?”

Moyọ̀sọ́rẹ fẹ́ dáhùn bó ṣe ń dá gbogbo ayé lóhùn. “Rárá, mà,” ló ti ẹnu rẹ̀ jáde.

“Bọ́ bàtà ẹ. Lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn.”

Ó sùn títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Nígbà tó jí, ìró Alhaja ló rí tí wọ́n fi bò ó lára, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja sì wà nílẹ̀ dè é. Kò mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.