Ìlà Tó Ń Jó Lórí Ìbẹ́pẹ

Iṣẹ́ ta ni ìlà tó ń jó lójú kọ̀ǹpútà yẹn ń jẹ́? Oṣù mẹ́ta gbáko ni aránṣọ kan kò fi bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà, ti dáhùn kí ó tó béèrè: iṣẹ́ ìyá wọn ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu ìyá, ó kàn ń wo òkè àjà ni. Ẹnjiníà wá ra bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kékeré kan tí kò wọ́n, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó so wáyà mẹ́ta mọ́ ọn lára, ó fi omi iyọ̀ po ìyẹ̀fun láti fi lẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú orí ìyá, ó ní ẹ̀rọ tí ń ka ìrònú ọpọlọ ni òun ṣe.

Níwájú ẹ̀rọ yìí ni aránṣọ kúnlẹ̀ sí, tó bẹ ìyá pé kí ó dárí ji òun, nítorí ọdún mẹ́sàn-án tí òun fi bínú kúrò nílé. Ìlà náà fò sókè.

"Wò ó!" Ẹnjiníà ké láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. "Màmá ti gbọ́. Wọ́n ti dárí jì ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti tún ń rí oorun sùn.

Ní òwúrọ̀ yìí, ó fẹ́ nu ojú ìyá. Ìyẹ̀fun pípò náà ti kan. Ó ń rùn bí àkísà tí a gbàgbé sínú omi. Ó yínmú, ó ṣí àwọn wáyà náà, ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ ìdajì ìbẹ́pẹ tó wà nínú àwo, kí ìyẹ̀fun náà má baà ba aṣọ ibùsùn jẹ́. Ó gbójú sókè. Ìlà náà ṣì ń jó.

Ó yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri. Ìlà sùn gbalaja. Ó fi í padà sí ògiri. Ijó tún bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan. Ìbẹ́pẹ ti dárí jì mí."

Ẹnjiníà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Bátìrì ló yẹ kí n máa lò…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ta ni ìlà yìí ń jẹ́?"

"O ò rí oorun sùn nígbà yẹn. Ṣé kí n máa wò ẹ́ níran ni?"

"Mi ò bi yín léèrè oorun."

Aránṣọ wo àpá pupa mẹ́ta tí ìyẹ̀fun kíkan náà dá sí iwájú orí ìyá. Bí a bá parọ́ fún ènìyàn kí ó lè sùn, ta gan-an ni irọ́ náà ń tẹ́ ẹní fún: ẹni tí a pa á fún ni, àbí ẹni tó pa á? Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tún un nù, òórùn náà kò lọ.

"Mo ṣì ń dúró, Bọ̀dá."

Ẹnjiníà kò lè wo ojú rẹ̀. Ìbẹ́pẹ ló ń wò.

"Iṣẹ́ iná ilé ni," ó wí. "Téèyàn bá fọwọ́ kan wáyà, ìlà á fò sókè. Èmi ni mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn."