Èdè Tí Justina Fi Sílẹ̀

Nígbà tí Sagynbek wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa jí lọ fún wàrà màlúù ní oko ìjọba, a sì fi í sọ́dọ̀ Justina, obìnrin Jámánì tí ilé wọn jọ wà ní fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Lẹ́bàá ààrò Justina ló ti gbọ́ èdè Jámánì, èdè àwọn àgbẹ̀ tí baba ńlá obìnrin náà kó wá sí ẹsẹ̀ òkè ilẹ̀ Kirigíìsì yìí. Kò kọ́ ọ nínú ìwé. Ó bá oúnjẹ wọnú rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Justina àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ sí Jámánì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n tì pa.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí Aizirek, ó ní èdè Justina lòun yóò máa bá ọmọ náà sọ, kí ìyá rẹ̀ máa sọ Kirigíìsì, èdè ilẹ̀ wọn, sí i. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Baba Aizirek, ta lọmọ yìí fẹ́ máa bá sọ ọ́? Ṣé àwọn àgùntàn wa ni?”

Kò rọrùn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni Sagynbek mọ̀: wá sùn, má fọwọ́ kan iná. Bí ara ọmọ bá gbóná, Kirigíìsì ni yóò bọ́ lẹ́nu bàbá. Gbogbo ohun tó ń sọ ló ń yé Aizirek, ṣùgbọ́n èdè ìyá rẹ̀ ló fi ń dá a lóhùn. Fún ọdún mẹ́fà, ńṣe ló dà bíi pé inú kànga ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Lena, àbígbẹ̀yìn Justina, wá wo ilé tí wọ́n bí i sí, ó sì yà sílé Sagynbek. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìyá àwọn ti kú. Sagynbek kàn ń bu tíì fún un. Lena jáde lọ dúró sídìí igi ápù. Aizirek tẹ̀ lé e, ó fa aṣọ rẹ̀, ó sì fi Jámánì sọ pé:

“Ẹ wá jẹun, Màmá, kí tíì má baà tutù.”

Lena rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ohùn màámi nìyẹn. Jámánì ìlú ńlá làwọn ọmọ mi ń sọ. Èmi náà, ó ti ń sọ nù lẹ́nu mi. Sagyn, ibo lo fi í pamọ́ sí?”

“Mi ò fi í pamọ́, Àǹtí. Òun ni mo fi ń tọ́mọ.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Lena lò, Aizirek ò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, bí ọkọ̀ ti ń bọ́ sí títì, ọmọ náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó sì fi Jámánì bi í léèrè irú ẹni tí Justina jẹ́. Ọ̀rọ̀ Jámánì tí Sagynbek ní kò tó. Ó fi ìwọ̀nba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ Justina tóbi, ó máa ń kọrin bó bá ń gbálẹ̀.