Ìjókòó Saveli

…ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo sọ. Òtítọ́ ni. Kí ló wá ń jẹ mí lọ́kàn? A ti dé. Ọkọ̀ òfúrufú wa ti so mọ́ ibùdó tó wà lójú ọ̀run, ariwo irin ti dákẹ́, ó ku kí wọ́n yẹ àárín ilẹ̀kùn méjèèjì wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò, ká tó wọlé. Ìdúró lásán ni. Kò yẹ kí èèyàn máa ronú nírú àsìkò yìí. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi. Pẹ́ńsù mi ń fò lórí okùn rẹ̀ níwájú imú mi. Gleb, ọ̀gá ọkọ̀, wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó ń fi imú kọrin, inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà yẹ kó dùn.

Ìjókòó yìí… tèmi ni. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó ṣe é. Ti Saveli, ẹni tí mo rọ́pò, wà lórí ilẹ̀ ayé, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Kò sẹ́ni tó máa jókòó sínú rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni wọ́n fi sídìí rédíò lónìí? Gbogbo bí a ṣe ń sún mọ́ ibùdó, ohùn rẹ̀ ló ń darí wa. "Rọra, Gleb, rọra. Má kánjú bí ọkọ ìyàwó." Gleb bú sẹ́rìn-ín. Saveli ní, "Taya ńkọ́? Àbí ẹkún ayọ̀ ti gbé e lóhùn lọ?" Mo ní ara mi le. Ó ní, "Wo gbogbo rẹ̀ dáadáa o. Ojú rẹ ni èmi náà fi ń wò ó."

Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi Dókítà Inna, òun kì í sì í ṣe olófòófó. Olófòófó… Rárá. Ẹ̀mí ni mo gbà là.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Èmi àti Saveli nìkan la jọ ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlú Ìràwọ̀. Lójijì ló di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. "Òòyì ni. Àyà mi ló kàn fò. Ó ti lọ, ó ti lọ. Taya, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. O ṣáà mọ bó ti pẹ́ tó tí mo ti ń retí ìrìnàjò yìí." Mo ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?" Mo tilẹ̀ gbá a léjìká. Lẹ́yìn náà, mi ò lè gbé e mọ́ra. Ọjọ́ kejì, mo lọ bá dókítà, mo sọ. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n rí i. Dókítà Inna ní, "Ká ní ó fi ọkàn yìí gòkè, òkú rẹ̀ ni ì bá sọ̀kalẹ̀. Ìwọ lo gbà á là, ọmọ mi."

Èmi ni mo gbà á là. Wọ́n wá fi èmi tí mo jẹ́ adelé rẹ̀ sípò rẹ̀, bí òfin ṣe wí. Ta ló lè bá mi wí sí i?

Kódà Rimma ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ mi. "Ọpẹ́ ni pé ìwọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹlòmíì ni, ọtí ì bá ti pa ọkọ mi." Ara mi le gbagidi bí igi lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbin igi mi ní Baikonur, níbi tí ọkọ̀ wa ti gbéra, bí gbogbo ẹni tó ń gòkè ṣe máa ń gbìn, ilẹ̀ le, Saveli gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi. "Gbé e wá. Ọwọ́ yìí ò ṣáà níṣẹ́ míì." Ó gbẹ́ ihò náà títí, ó ń mí gúlegúle, èmi ń wò ó…

Ọjọ́ kejì ni mo lọ. Mi ò fi falẹ̀.

Òdòdó wà lórí tábìlì dókítà. Òun ni mo tẹjú mọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n má bàa wo ojú obìnrin náà. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò, èyí tó máa ń yọ ní gbogbo ọgbà wa lóṣù Karùn-ún —

Oṣù Karùn-ún.

Ṣùgbọ́n yìnyín wà ní bàtà Saveli lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó ń yọ́ sílẹ̀. Mo rántí, torí mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní yìnyín ló fẹ́ yọ̀ ọ́ ṣubú. Yìnyín. Àárín òtútù.

Ọjọ́ kejì… ọjọ́ kejì kí ni?

Ọ̀gá àgbà pè mí wọlé. "Taya, jókòó. Ìrìnàjò tí a fi orúkọ rẹ sí lẹ́yìn èyí, wọ́n ti fagi lé e. Bóyá lọ́jọ́ míì." Mo dúpẹ́, mo jáde. Ọjọ́ kejì ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá dókítà. Ọjọ́ kejì yẹn gan-an.

Ṣáájú ìyẹn, gbogbo ìgbà òtútù, wọ́n ń fi Saveli sínú ẹ̀rọ tó ń yíni bí òkòtó, mo sì ń dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkàn rẹ̀ lè dá dúró lójú mi níbẹ̀. Mo ń lọ sílé, mo ń jẹun, mo ń sùn. Mo gbé e mọ́ra dáadáa. Àìsàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí owó tí èèyàn fi pamọ́, títí mo fi rí ohun tí mo fẹ́ rà.

Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn láti ìhà kejì. Gleb ń tú ìgbànú rẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí mi…

Mo ń sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ mi wúwo lọ́jọ́ náà, pé mo rọra ń wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹni ń lọ síbi òkú. Irọ́ ni. Mo sáré lọ ni.