Àpò Tí Omi Kì Í Wọ̀

Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, òun náà ló sì sọ wọ́n di ọ̀tá ara wọn.

Àdúgbò Fola Agoro ni bàbá náà ti ya fọ́tò títí tó fi kú. Ràmọ́nì ni àkọ́bí rẹ̀, ṣùgbọ́n Sàwúdátù, àbíkẹ́yìn, ló kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí kámẹ́rà, àwọn àgbà ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n ní kí Sàwúdátù máa fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà máa sùn ní yàrá Ràmọ́nì. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn fún ọdún méjì. Láràárọ̀, Sàwúdátù á lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á dá a padà, Ràmọ́nì á gbà á, á yí i síwá yí i sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ ara ọmọ tó ṣubú wò. Kò ní kí i kú iṣẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Pásítọ̀ Ọlọ́runṣògo, tí ìjọ kékeré rẹ̀ wà ní Ladi-Lak, ránṣẹ́ pe Sàwúdátù. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún èèyàn mọ́kànlá nínú ọ̀sà, ní etí omi Bàrígà.

"Mi ò fẹ́ fọ́tò tí wọ́n dúró lókè yà o," ni pásítọ̀ wí. "Ẹ máa bá wa wọnú omi ni. Ojú wọn gan-an ni mo fẹ́ rí bí wọ́n bá ṣe ń jáde."

Sàwúdátù gbà. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá dáa, àwọn ìjọ mìíràn á gbọ́. Ó lọ sọ fún Ràmọ́nì, nítorí kò sí bó ṣe lè fi pa mọ́ fún un.

Ràmọ́nì pòṣé. "Omi? Kámẹ́rà Bàbá? Ṣé orí ẹ pé?"

"Mo máa ra àpò sí i, Bọ̀ọ̀dá. Àpò wà tí omi kì í wọ̀."

"Omi iyọ̀ ni ọ̀sà yẹn. Ẹ̀kán kan péré ti tó láti pa á. Gbọ́ mi dáadáa, Sàwú: bí omi bá kan kámẹ́rà yẹn, má pe ara ẹ ní ọmọ bàbá mi mọ́."

"Ṣé bàbá ẹ̀yin nìkan ni?"

"Jáde nínú yàrá mi."

Ó jáde. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán tó mọ̀. Wọ́n ní àpótí líle kan wà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n kámẹ́rà gẹ́lẹ́, èyí tí àwọn tó ń rì wọ inú òkun ń lò. Ó béèrè iye rẹ̀, ó sì pa fóònù. Owó àpótí náà ju ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni àpò rírọ̀, èyí tó dà bí ọ̀rá tó nípọn, nítorí náà ó gba Ṣómólú lọ sí ọ̀dọ̀ Àkànó, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò fóònù àti kámẹ́rà.

Àkànó ju àpò kan lé orí káńtà. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò nínú omi."

"Kí lẹ fẹ́ dán wò? Ṣé ọsàn ni, tí ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò? Ẹ rà á ni o, ẹ ò rà á ni o, ẹ má dí ẹnu ọ̀nà mi."

Sàwúdátù rà á. Nígbà tó délé, ó fi tíṣù gbígbẹ àti òkúta sínú àpò náà dípò kámẹ́rà, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó máa fi yọ ọ́, tíṣù náà ti rin gbingbin, ó ti lẹ̀ mọ́ òkúta. Igun àpò náà ni omi gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpò àti tíṣù náà padà.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́," ni Àkànó wí, kò tilẹ̀ wò ó.

"Omi ló bà á jẹ́. Kò sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ nínú ẹ̀."

"Ẹ máa lọ jàre. Àwọn obìnrin tí ò níṣẹ́ ló pọ̀ ní Èkó."

Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ ra irú àpò bẹ́ẹ̀ fún fóònù. Sàwúdátù na tíṣù rírin náà sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Bí fóònù yín ṣe máa rí nìyí." Ọkùnrin náà rọra fi àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì mìíràn dúró láti wòran.

Ojú Àkànó le koko. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò mìíràn jáde lábẹ́ káńtà. Eléyìí nípọn, wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dè é, wọ́n sì fi gíláàsì róbótó síwájú rẹ̀ níbi tí ojú kámẹ́rà máa wà. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n lé e, kí n má tún fojú kàn yín mọ́."

Sàwúdátù ò tíì sanwó. Ó bẹ obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó fi tíṣù gbígbẹ sínú àpò náà, ó sì rì í sínú kúlà rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Tíṣù ò rin. Ó ka owó lé káńtà. Àkànó gbà á láìdúpẹ́.

Nílé, ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wákàtí kan ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó gbẹ táútáú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà ní yàrá Ràmọ́nì, kó lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ràmọ́nì ti wọṣọ kí Sàwúdátù tó kanlẹ̀kùn. "Mò ń bá ẹ lọ," ló wí. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i." Wọ́n jọ jókòó nínú kẹ̀kẹ́ dé Bàrígà.

Ní etí omi, àwọn ọkọ̀ tó kó iyanrìn ti ń já ẹrù wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ dúró nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin, pásítọ̀ ti wà nínú omi dé orúnkún. Sàwúdátù fi tíṣù àti òkúta sínú àpò, ó ká ẹnu rẹ̀, ó rì í.

"Arábìnrin, oòrùn ti ń mú o," ni pásítọ̀ pariwo.

"Ẹ ní sùúrù fún mi, sà."

Ó yọ àpò náà. Tíṣù ti rin. Ó fún àpò náà lọ́wọ́, omi sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, tín-ín-rín bí okùn. Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ràmọ́nì káwọ́ gbera, kò sì jọ ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ lu àpò yìí?"

"Èmi ni."

"Kámẹ́rà ì bá kú síbẹ̀!"

"Kò lè kú. Mo mọ̀ pé o máa dán an wò. Láti kékeré lo ti ń dán nǹkan wò, o kì í mu ẹ̀kọ láìfi ìka kàn án. Mo kàn fẹ́ kí kámẹ́rà Bàbá dúró lórí ilẹ̀ ni."

"O fẹ́ kójú tì mí níwájú àwọn èèyàn yìí ni."

Orin dáwọ́ dúró. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti bí Sàwúdátù, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "o" rí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni! Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ gún àpò iṣẹ́ àbúrò ẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa pè é ní ẹ̀yin fún?"

Ràmọ́nì gbọ́wọ́ sókè. Díákónì méjì dì í mú kó tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Sàwúdátù tún àwọn ihò náà wò. Apẹja kan fún un ní téèpù. Ó wò ó, ó dá a padà. Téèpù lè dí ihò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n sì fẹ́ rì. Ó bá pásítọ̀ sọ òtítọ́: àpò ti lu, òun ò lè wọnú omi, òun á yà á látinú ọkọ̀.

"Ohun tí a jọ sọ kọ́ nìyẹn," ni pásítọ̀ dáhùn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Sàwúdátù háyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin Ìlàjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ayọ̀tọ̀míwá. Ó dùbúlẹ̀ ní ìdojúdé síwájú ọkọ̀. Ó fi kámẹ́rà sínú àpò, ó kọjú ìhà tó ní ihò sókè kí àpò náà lè gba omi tó bá ta dúró, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí kámẹ́rà fi sún mọ́ ojú omi. Híjáàbù rẹ̀ rin, ayà rẹ̀ ń dùn ún lórí pákó. Ó rí màmá àgbàlagbà kan mú bó ṣe ń jáde, tó la ẹnu, tó ń sunkún. Ó rí mẹ́wàá mú nínú mọ́kànlá. Ẹnì kẹrin, ọkọ̀ yí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Ẹnì kẹrin ńkọ́?" ni pásítọ̀ bi í nígbà tó wo àwọn fọ́tò náà.

"Mi ò rí ojú ẹ̀ mú, sà."

"A ò ní pè yín mọ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́, sà."

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì lọ́jọ́ náà, Sàwúdátù kó kámẹ́rà, bátìrì méjì àti ṣájà lé orí bẹ́ẹ̀dì Ràmọ́nì. "Gbà. Kò ní wọnú omi mọ́, kò sì ní wọnú iṣẹ́ mi mọ́."

"Mi ò ní kí o má lò ó."

Sàwúdátù yí padà, ó ń lọ. Ràmọ́nì gbé kámẹ́rà náà, ó tẹ ibi kan, ó tẹ ibòmíràn, kò tàn. "Sàwú, báwo ni wọ́n ṣe ń tan eléyìí?" Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà. Ó gbọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ràmọ́nì fẹjọ́ sùn. Lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn àgbà ẹbí ní kí Sàwúdátù kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì nítorí "o" tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n bá Ràmọ́nì náà wí nítorí àpò, ṣùgbọ́n wọn ò ní kó tọrọ nǹkan kan. Sàwúdátù kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku Ràmọ́nì, ó dìde, ó bọ́ síta.

"Ẹ sọ fún un kó padà wá," ni Ràmọ́nì ń pariwo.

Sàwúdátù ti wà ní títì, ó gbé kámẹ́rà tó háyà kọ́rùn, ó ń wá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìgbóbì, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń dúró dè é fún fọ́tò ọjọ́ ìbí.