Ogójì Ilé Tí Kọ̀ǹpútà Kà Sílẹ̀

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí Ọláyínká máa ń ra ìwé ìròyìn ní CMS kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nítòsí Ìdúmàgbò. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, iná kì í sì í dúró. Ó ti rí i pé bí òun bá ka ìròyìn kan sí wọn létí, tí òun sì bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò sí i?", kíláàsì á gbóná ju ìgbà tí òun bá ń ya kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó lọ.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, ìròyìn tó mú wá ni pé ọ́fíìsì ìjọba kan ti fi kámẹ́rà tó ń fò ya àwòrán òrùlé káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó àwòrán náà fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ṣa ogójì ilé jáde, ó ní wọ́n lè dà wó nígbàkigbà. Kí oṣù Keje tó parí, ìjọba máa wó gbogbo wọn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Tawfiq, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, wí. "Ilé tó wó ládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá, èèyàn mẹ́ta ló pa. Kọ̀ǹpútà kì í gba rìbá."

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Haneefah nawọ́. "Mà, òrùlé nìkan ló rí. Báwo ló ṣe mọ bí ògiri ṣe rí?"

Inú Àǹtí Ọláyínká dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé ohun tí èèyàn bá kó fún kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ pé ilé tí páànù rẹ̀ dípẹtà kò dáa, gbogbo páànù tó bá dípẹtà ni yóò máa pè ní ilé tó fẹ́ wó. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìròyìn náà yí ká, kí wọ́n wo àwọn àdírẹ́sì. Nígbà tó dé ọwọ́ Haneefah, kò gbé e fún ẹlòmíì mọ́.

"Ilé wa ni nọ́ńbà kọkànlá," ó wí.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, Alhaja Àlímọ̀t, ló ń gbé nínú ilé náà láti kékeré. Àǹtí Ọláyínká ní kí wọ́n má fòyà, wọ́n máa kọ lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo kíláàsì fi kọ ọ́. Wọ́n ya àwòrán ògiri, ẹnjiníà kan sì bá wọn yẹ ilé wò, ó fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Olùkọ́, ọmọ àti ìyá àgbà gbé lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba náà ní Marina.

Ọ̀gá tó dá wọn lóhùn kò le rárá. "Mo ti ka lẹ́tà yín, Mà. Ó dáa gan-an. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń mú orúkọ jáde. Èyí tó bá mú jáde ni mò ń fọwọ́ sí. Kò síbi tí mo ti lè yọ ọ́."

"Sà, ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà náà?" Haneefah bi í.

"Àwọn kan ni. Iṣẹ́ wọn ti parí, wọ́n ti lọ."

Alhaja dìde. "Ọmọ mi, ibẹ̀ kò jìnnà. Jẹ́ ká lọ, kí o fọwọ́ kan ògiri."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Katakata dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó kọ lu ògiri iwájú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó ya. Ẹni tó ń wà á bọ́ fìlà rẹ̀, ó nu ojú. "Ilé yìí mà le o," ó wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Haneefah àti Alhaja kó lọ sínú yàrá kan ní Ìkòròdú. Lẹ́yìn oṣù méjì, Àǹtí Ọláyínká pè wọ́n lórí fóònù. Haneefah kò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́. Alhaja kì í jáde síta.

"A lè kọ̀wé sí àwọn oníwèé ìròyìn fúnra wọn," olùkọ́ wí.

Haneefah rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, Màmá ní kí n má gba ìpè yín mọ́. Wọ́n ní ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn la fi tú ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí bàbá wọn gbẹ́, à bá ti rí nǹkan kó."

Kí Àǹtí Ọláyínká tó sọ pé kó pẹ̀lẹ́, ọmọ náà ti gé fóònù.