Koríko Ẹ̀yìn Ògiri Ìyá Agbẹ̀bí

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín èrò rẹpẹtẹ, nínú ariwo ṣọ́bìrì àti fèrè, nígbà tí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé di koríko méjì mú lọ́rùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú adìyẹ olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró sí òdìkejì odò, agolo omi lọ́wọ́, ó ń wò ó. Kò ṣẹ́jú. Akọ̀wé náà kò ṣẹ́jú. Àyà rẹ̀ lù kìì, bí àyà ṣe máa ń lù nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tó ti ń kà láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó dé, ó dé náà nìyí.

Ìgbà tó wò ó dáadáa ló rí i pé kì í ṣe ìfẹ́ ló wà nínú ojú yẹn. Ìpayà ni.

Ọkùnrin náà fo odò tó ti gbẹ ku ẹrẹ̀ kọjá. Bàtà rẹ̀ kan rì sínú ẹrẹ̀, kò dúró yọ ọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan tiro bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á mọ́," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Èmi ni mo gbìn ín."

Akọ̀wé bojú wẹ̀yìn. Gbogbo bèbè odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, láti igun kan dé ìkejì, ti mọ́ tónítóní bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Òun nìkan ló fá a. Ó tilẹ̀ ti kíyè sí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn koríko náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ó sì ti rò ó nínú ara rẹ̀ pé igbó ibí yìí mà mọ ìwà hù.

Ká má tan ara wa, kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé e jáde nílé láàárọ̀ yẹn. Lẹ́tà ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ló ni ògiri yẹn àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì wọn kọ́kọ́ kàn nígbà tí wọ́n wáyé. Ó ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ tó ń tún àyíká ṣe máa gbin igi sí bèbè odò, Ìyá Agbẹ̀bí àti igi kò sì rẹ́. Igi ńlá kan ti wó lu ilé ìdáná rẹ̀ nínú ìjì rí, nígbà tí ọ̀dà tó fi kùn ún kò tíì gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí òjìji ewé kan ògiri òun. Nírọ̀lẹ́ àná, ó pe Akọ̀wé, ó ní kó mú bírò wá.

Ilé ìtẹ̀wé ni Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ sínú káàdì ìgbéyàwó, òun náà ló sì ń bá gbogbo ojúlé kọ lẹ́tà, ìbáà ṣe ẹni tó fẹ́ bẹ onílé tàbí ẹni tó fẹ́ bẹ ìyàwó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni bírò rẹ̀ mọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ní kó kọ ọ́ pé: Mi ò fẹ́ igi lẹ́yìn ilé mi, ẹ kó o kúrò. Akọ̀wé kọ ọ́ pé: Sí ẹ̀yin tí ojú mi kò tíì rí, àmọ́ tí ọkàn mi kò yé rò láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìró ìgbésẹ̀ yín lẹ́yìn ògiri mi. Ó kà á sí ìyá náà létí. Ìyá béèrè bóyá ó sọ níbẹ̀ pé òun ò gbà. Akọ̀wé ní ó wà nísàlẹ̀. Ni ìyá bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tó wá dé etí odò láàárọ̀, pẹ̀lú bàtà tó mọ́ àti lẹ́tà nínú àpò, onídìrí tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kò jẹ́ kó la ẹnu. Fèrè wà lọ́rùn onídìrí náà, ìbọ̀wọ́ wà ní abíyá rẹ̀. Ó ní, ìwọ náà wá, o káre, ó sì fi ìbọ̀wọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ ro ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ níbẹ̀ pé wọ́n rán òun wá dá iṣẹ́ dúró? Gbogbo òpópónà ló jáde. Bíríkìlà ń wa ìdọ̀tí, awakọ̀ takisí ń kó ike omi àti ọ̀rá sínú àpò, tìṣà ń fi ọ̀pá yọ àkísà nínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbé bẹ́ẹ̀dì sórí nínú wọn nígbà òjò tó kọjá. Òjò kì í rọ̀ bí òjò àtijọ́ mọ́. Ó lè kọ̀ tí kò ní yọjú títí ilẹ̀ á fi sán, kó wá san gbogbo gbèsè rẹ̀ lọ́sàn-án kan. Omi ọjọ́ yẹn gbé àga onídìrí, àga ń lọ, onídìrí ń sáré tẹ̀lé e, ó ń pe àga bí ẹni tó ń pe ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tí omi bá sì ti wá báyìí, ó máa ń bu bèbè odò jẹ. Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kọjá lẹ́yìn ògiri Ìyá Agbẹ̀bí nígbà kan, bárò ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn níbẹ̀ báyìí. Ọdún díẹ̀ sí i, ògiri fúnra rẹ̀ ló kàn.

Akọ̀wé ti ní kí òun kọ́kọ́ ro díẹ̀ kí òun tó fún wọn ní lẹ́tà. Ó wá gbádùn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú jáde pé ọ̀gbìn ni Akọ̀wé fà tu, ẹ̀rín pa èèyàn. Awakọ̀ takisí ní ìwé tí Akọ̀wé kà kò dé ojú ewé oko. Onídìrí kò jẹ́ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ó ní òun ló ní kó ro ibẹ̀, òun náà rò pé igbó ni. Ó hàn pé ọkùnrin oníbàtà kan yìí, tí wọ́n ń pè ní Alágolo torí pé inú agolo àlòkù ló ti ń gbin irúgbìn, ti wá gbin gbogbo rẹ̀ ní ìdájí kí èrò tó dé. Ojú máa ń tì í láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Alágolo kò bú u. Akọ̀wé ì bá fẹ́ kó bú òun. Ńṣe ló lóṣòó, ó ń ṣa koríko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára èyí tó já, ó ń fi ewé tútù bo èyí tó ṣì dáa. Akọ̀wé náà lóṣòó tì í. Alágolo fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn án, tó gùn tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ó ní kì í tàn káàkiri, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ, tó bá sì ti mú ilẹ̀, omi ò ní lè jẹ bèbè yìí mọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ padà sínú ilẹ̀ kí oòrùn tó gun orí, pẹ̀lú omi tó pọ̀. Omi ẹ̀rọ kò sì yọ láti àná.

Ó gbójú sókè wo ògiri. "Kànga wà nínú ilé yìí o. Àmọ́ wọ́n ní ìyá tó nilé…"

Kò parí rẹ̀. Awakọ̀ takisí ló bá a parí rẹ̀. Ó ní ìyá yẹn ló kọ́kọ́ gbá òun létí láyé, ọjọ́ tí wọ́n bí òun gan-an, ara òun ò tíì balẹ̀ títí di òní.

Akọ̀wé dìde. Ó ní òun máa lọ tọrọ omi. Kò sọ pé ilé àwọn ni.

Ìyá Agbẹ̀bí ti dúró sétí kànga kí Akọ̀wé tó wọlé, orí rẹ̀ ṣófo láìsí gèlè, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ojú fèrèsé òkè ló ti ń wò wọ́n.

"Mo rí ọ," ó ní. "Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán ọ, o fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní kó o mú lẹ́tà lọ, o fà wọ́n tu pátápátá. Ìyá rẹ bímọ."

Ẹni tí kò gbé pẹ̀lú Ìyá Agbẹ̀bí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ọmọ tuntun nìkan ló máa ń yìn, àwọn náà kì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Láti kékeré ni Akọ̀wé ti ń dúró de irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu rẹ̀ lè dákẹ́, kó gbà á, kó jẹ́ tirẹ̀. Koríko á gbẹ, ìyá á dunnú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo koríko kan tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Etí ewé rẹ̀ ti ń ká.

"Màmá, mi ò mọ̀ pé wọ́n gbìn ín ni. Mo rò pé igbó ni. Mi ò tíì fún wọn ní lẹ́tà."

Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀. "Kí lo wá wá síbí?"

"Omi. Mo fẹ́ bá wọn gbìn ín padà."

"O fẹ́ fa omi nínú kànga mi, kó o fi gbin igi tí mo ní mi ò fẹ́."

"Kì í ṣe igi, Màmá. Koríko ni. Òun ló máa di ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri yín mú."

Ìyá Agbẹ̀bí na ọwọ́. Ó gba koríko náà, ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wo ìdí rẹ̀, ó fi ìka tọ́ gbòǹgbò rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ó béèrè bóyá ó lè wó lu ilé ìdáná. Akọ̀wé ní bó bá wó lu èèrà, èèrà á gbọnra nù, á máa lọ. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ imú rẹ̀ mì.

"Ó ti ń rẹ̀ ẹ́," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ohùn yàrá ìgbẹ̀bí ni. "Àwọn yòókù ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń mí?" Kí Akọ̀wé tó dáhùn, ó ti ju okùn sínú kànga.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, kálukú pẹ̀lú garawa, Akọ̀wé béèrè bóyá kí òun ya lẹ́tà náà.

"Kí ló dé tó o fi máa ya á? Igi ni mo kọ síbẹ̀. Mi ò tíì yí ohùn mi padà lórí igi. Fún wọn."

Bí ìyá ṣe yọ, ariwo rọlẹ̀. Bíríkìlà bọ́ fìlà. Awakọ̀ takisí fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá Agbẹ̀bí kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ tààrà síbi tí koríko wà, ó ní ta ló ń di ọmọ mú lọ́rùn báyìí, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ kọ́kọ́ rì í bọ omi, kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ tuntun lé ilẹ̀ gbígbẹ. Láìpẹ́, fèrè onídìrí ti wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n tò láti kànga dé bèbè, garawa ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, omi ń dà sí wọn lára. Ìyá fọn fèrè fún tìṣà pé ó ń lọ́ra, ó ní bó ṣe lọ́ra náà nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Tìṣà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí garawa fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan dá orin, wọ́n gbè é, orin náà kò bá ìṣísẹ̀ iṣẹ́ mu rárá, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ.

Alágolo ń gbẹ́ ihò, Akọ̀wé ń fi koríko sínú rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá na ọwọ́, Akọ̀wé ti mọ̀ bóyá omi ló fẹ́ tàbí koríko. Kí oòrùn tó dé àtàrí, gbogbo rẹ̀ ti padà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ewé wọn rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìdí wọn tutù.

Wọ́n jókòó síbi òjìji ògiri. Alágolo wo bàtà Akọ̀wé tó ti di ẹrẹ̀ látòkè délẹ̀, ó béèrè kí ló gbé e wá gan-an láàárọ̀, torí kò múra bí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè tí Akọ̀wé ti ń sá fún nìyẹn. Ṣé kí Alágolo wá ka lẹ́tà tó ní kí wọ́n kó ọ̀gbìn kúrò, láti ọwọ́ obìnrin tó fà á tu? Ta ló máa gbà pé àṣìṣe ni? Ó lè sọ pé òun kàn ń kọjá lọ ni. Àmọ́ kò sí ìwé ìfẹ́ kan tó kà tí kò ti bá obìnrin inú rẹ̀ jà lójú ewé pé, sọ fún un, kí ló ń dè ọ́ lẹ́nu, sọ fún un, nígbà tí obìnrin náà bá fi ọ̀rọ̀ kékeré kan pamọ́ tí ìyà rẹ̀ wá gba gbogbo ìwé.

"Lẹ́tà ni wọ́n fi rán mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá yẹn. Èmi ni mo bá wọn kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ lè rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fà wọ́n tu ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Àmọ́ ẹ kà á."

Ó yọ ọ́ nínú àpò. Omi ti kan etí rẹ̀ kan, ó ti rọ. Alágolo wò ó, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún nu ún lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó lè fọ́. Akọ̀wé ń wo ọwọ́ náà: ilẹ̀ lábẹ́ èékánná, koríko ti gé e létí àtàǹpàkò. Ó wá hàn sí i pé láti àárọ̀ yẹn, òun kò tíì tún wo ojú ọkùnrin yìí mọ́, síbẹ̀ ìyẹn kò ní kí òun má mọ̀ ọ́n. Nínú òkùnkùn, láàárín igba ọwọ́, òun á mọ èyí.

Alágolo na ọwọ́ náà, àyà Akọ̀wé kò lù kìì bíi ti inú ìwé ìfẹ́, ó sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́.