Ọ̀nà Abà Ìdí-Ìṣin

Obìnrin inú fóònù tún ní kí wọ́n máa lọ tààrà. Ògiri ló wà níwájú wọn, ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga ju mọ́tò lọ, tí wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí lórí, tí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe fún títà.

"Ká kúkú fi mọ́tò wó o," Ràbíátù wí. "Ṣebí ó ní ká máa lọ."

Jàfárù, àbúrò rẹ̀ tó ń wa mọ́tò, ń fi àtàǹpàkò ti máàpù ojú fóònù sókè sódò.

Inú ń bí Ràbíátù débi pé etí rẹ̀ ń hó. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìyá wọn kú ní Abà Ìdí-Ìṣin, nínú igbó tó wà lẹ́yìn Àyọ̀bọ́, níbi tí Èkó ti parí. Wọn kì í fi òkú Mùsùlùmí sílẹ̀ pẹ́. Tí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, wọ́n máa sin ín. Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, Ràbíátù ló sì yẹ kó wẹ̀ ẹ́. Nígbà Iléyá tó kọjá, Ìyá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Ràbíátù ní Ìdímù, ó ní, "Ìwọ ni kó o wẹ̀ mí o. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ àjèjì kan ìhòòhò mi." Ràbíátù fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lónìí, kò sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé.

"Láti ilé ni mo ti ní ká tẹ̀ lé ìwé Bàbá," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, igi máńgòrò ni Bàbá fi júwe ọ̀nà. Ṣé igi yẹn á ṣì máa dúró dè wá ni?"

"Ó sàn ju ògiri lọ jàre."

Ìwé ọ̀hún wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ńlá kan tí bàbá wọn fi bírò ya ọ̀nà abà sí kó tó kú. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá ló máa ń gbé gààrí àti epo wá bá wọn ní Ìdímù, wọ́n á sì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ti Jàfárù, fóònù ló fi ń júwe é. Ràbíátù wo ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó wù ú kó gbá a létí.

Wọ́n fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí ògiri. Ràbíátù wá gba àkóso. Wọ́n bá odò tí Bàbá yà, wọ́n bá mọ́sálásí, ó sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oríta, kò sí máńgòrò níbẹ̀. Fóònù ará abà tó pè wọ́n láàárọ̀ pé Ìyá ti kú kò sì lọ mọ́.

Ọkùnrin kan ń ro ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ràbíátù bọ́ sílẹ̀, ó tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó nàka sí i.

"Abà Ìdí-Ìṣin dà? Ibí yìí kọ́ ni ilẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀?"

Kò kí i, kò sì sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn rántí ìkíni. Ọkùnrin náà wo ìwé, ó wo mọ́tò tó ń dán, ó tún wo ìwé. Ó fi ọkọ́ júwe apá ọ̀tún.

"Ṣó o rí i?" Ràbíátù sọ fún Jàfárù. "Ìwé kì í purọ́."

Apá ọ̀tún gbé wọn lọ sínú àbàtà. Táyà rì. Wọ́n gé ewé, wọ́n ki igi bọ̀ ọ́, wọ́n tì í títí ẹrẹ̀ fi dé ojú wọn, Ràbíátù ń ṣépè fún fóònù, fún ògiri, fún ẹni tó gé máńgòrò. Oòrùn ti rọ̀ kí àwọn aṣèédú tó wá bá wọn fà á jáde, tí ọ̀kan nínú wọn sì mú wọn dé abà.

Àwọn ọkùnrin ti ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ yẹ̀pẹ̀ lórí sàréè. Wọ́n ti wẹ Ìyá. Àwọn obìnrin abà ló wẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin tó ń ro ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn tó mú ṣọ́bìrì. Ràbíátù gbá a mú lọ́rùn aṣọ.

"Ìwọ lo ní ká gba ọ̀tún! Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n lójú kan náà. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ìwé yẹn ni mo rí. Irú ẹ̀ làwọn ajàgungbalẹ̀ máa ń gbé wá wọn ilẹ̀ wa. Ìyá ló kọ́ wa pé ẹni tó bá gbé mọ́tò àti ìwé wá béèrè abà, ká fi ọ̀nà àbàtà hàn án."

"Ìyá wa?"

"Ìyá yín ni."

"Kò sọ fún yín pé òun bímọ sí Èkó ni?"

"Wọ́n sọ. Mo tiẹ̀ bi wọ́n pé, tó bá wá jẹ́ àwọn ọmọ yín ńkọ́?" Ó wolẹ̀. "Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ò ní béèrè ọ̀nà."

Ràbíátù tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Èébú tó ti ń dì láti àárọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo Jàfárù, kò sì rí ẹni tí yóò bú. Ó gbé e mì.